Òkun Kan Náà Kọ́ Ni: Èsì fún Ìyá Ẹlẹ́ja Kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Ìkéré-Èkìtì, ó ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi tó wà ní JSS 3 ń kàwé sókè pé òkun jẹ́ 'báyómù' kan ṣoṣo, pé òun ló sì tóbi jù láyé. Mo ní, bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, kí ló dé tí títùsì fi ń ti Norway wá, tí òkun sì wà l'Ékòó níbí? Ṣé omi kan náà kọ́ ni? Ọmọ náà kò rí èsì fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni báyómù, kí ló sì dé tí òkun tiwa kò fún wa ní títùsì? Ẹ tún bá mi wo èyí: kí ló fà á tí ẹja inú omi iyọ̀ kì í fi í ní iyọ̀ lára?"

Èsì: Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ọjà á tà o. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja àti omi, wọ́n sì máa ń ní kí n túmọ̀ báyómù fún àwọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé kí ló dé tí títùsì kò sí l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ìdí tí títùsì kò fi sí l'Ékòó ti mọ òkun tán.

Báyómù ni àwọn onímọ̀ ń pe agbègbè ńlá kan láyé tí ojú ọjọ́ rẹ̀, ohun tó ń hù níbẹ̀ àti ẹranko ibẹ̀ bá ara wọn mu. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Ìṣẹ̀-Èkìtì, kẹ́ ẹ máa lọ sí ìhà Òmùò. Ní Ìṣẹ̀, igbó ni, kòkó ń ṣe dáadáa, igi ga. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ ni igi á máa fọ́n ká, koríko á máa gùn, títí tẹ́ ẹ ó fi rí i pé inú ọ̀dàn lẹ wà. Kò sẹ́ni tó ri òpó ààlà síbẹ̀. Òjò ló pín in, àti iná tí à ń sun oko.

Nínú òkun, òjò kò lè pín nǹkan kan, omi ni gbogbo rẹ̀. Ohun méjì ló ń pín ibẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè wọlé, àti ajílẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ẹja ń pọ̀ sí. Ibi tí wọn kò bá ti pàdé, aṣálẹ̀ ni, bí omi ibẹ̀ tiẹ̀ kún dé ọ̀run.

Olùkọ́ ọmọ yín kò purọ́ ṣá o. Òkun bo nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ilẹ̀ ayé, nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 omi ayé ló sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló so kọ́ra, kò sí ògiri láàárín Atlantic àti Pacific. Iyọ̀ inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ níbi tó pọ̀ jù, nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n agboolé ni. Ẹnu ọ̀nà kan lẹ bá wọlé, yàrá inú rẹ̀ ò jọra.

Ẹ jẹ́ ká ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í wọ omi lọ títí. Nǹkan bíi mítà 200 àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti tó fún ohun tó ń hù láti fi ṣe oúnjẹ. Láti ibẹ̀ dé mítà 1,000, bí ìrọ̀lẹ́ ló rí, bí àsìkò tí ìyá àgbà ń wá ibi tí wọ́n gbé àtùpà sí. Lẹ́yìn mítà 1,000, òkùnkùn biribiri ni, ọ̀sán ò yàtọ̀ sí òru. Ẹ sì wò ó: bí a bá pín jíjìn gbogbo òkun dọ́gba, nǹkan bíi mítà 3,700 ló ń lọ sí. Ibi tí oòrùn ń rí nínú rẹ̀ kò ju awọ fẹ́lẹ́ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ gbígbóná lọ.

Ta ló wá ń gbin oúnjẹ sínú awọ fẹ́lẹ́ yẹn? Kì í ṣe igi. Ohun ọ̀gbìn tíntìntín ni, tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń léfòó káàkiri. Phytoplankton ni orúkọ wọn nínú ìwé. Ẹ ti rí ìbátan wọn rí: àwọ̀ ewé tó máa ń bo omi póńdù àrọ̀ bí oòrùn bá mú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fojú kékeré wò wọ́n. Nínú gbogbo ọ́síjìn tí ohun ọ̀gbìn ń tú sáyé, nǹkan bí ìdajì ló ti ọwọ́ àwọn wọ̀nyí wá. Àwọn kòkòrò omi kan tó jọ edé, tí wọn kò tó hóró ìrẹsì, ló ń jẹ wọ́n. Ẹja ń jẹ àwọn kòkòrò náà. Ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré. Àwa náà ń jẹ èyí tí àwọ̀n bá kó.

Ohun ọ̀gbìn sì ń fẹ́ ajílẹ̀, bí àgbàdo ṣe ń fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ohunkóhun tó bá kú nínú òkun, ìgbẹ́ ẹja, èérún gbogbo, ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ lọ, sínú òkùnkùn. Ẹ rántí ògì tí ẹ sẹ́ sínú ike lálẹ́. Bó bá fi máa di àárọ̀, omidùn á ti dá dúró lókè, ògì á ti tòrò sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ki ife bọ orí rẹ̀, omi lásán lẹ máa bù. Òkun tó dákẹ́ rọ́rọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ògì bù, àfi kó rú u.

Ní ìhà Norway, Ireland àti Scotland, òtútù ló ń rú u. Nígbà òtútù wọn, ojú omi á tutù títí á fi wúwo, á máa rì, ìjì á tún máa gbá a káàkiri. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ á pò pọ̀, ajílẹ̀ á gòkè. Tí oòrùn bá wá padà dé nínú oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ohun ọ̀gbìn òkun á hù pìtìpìtì bíi koríko lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Àwọn kòkòrò bí edé á jẹ yó, títùsì á jẹ àwọn náà, á sanra. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ọ̀rá ara rẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Òróró tó ń kán sínú iná tí ẹ bá ń yan títùsì lórí ààrò, oòrùn Norway ló ń kán yẹn.

Tiwa ńkọ́? Ìsàlẹ̀ òkun wa ní ajílẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í fi ojú omi wa sílẹ̀ látọdún dọ́dún, odò Ọya àti àìmọye odò mìíràn ń tú omi tí kò níyọ̀ sórí rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lé e. Omi gbígbóná fúyẹ́. Omi tí kò níyọ̀ tún fúyẹ́. Méjèèjì á wá dé omi tutù ìsàlẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ tiwa kò le tó láti ṣí ọmọrí yẹn. Gbogbo ọmọ Èkìtì ló máa ń sáré mú Ìkògòsì wá bí ọ̀rọ̀ omi bá délẹ̀, mo sì ti búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé níbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ̀ pé omi kì í yára gbàgbé ibi tó ti wá. Yàtọ̀ sí èyí, pèpéle abẹ́ òkun, níbi tí omi kò ti jìn, tí ẹja sì ń fẹ́ràn láti máa jẹ̀, kò fẹ̀ púpọ̀ ní etíkun wa. Títùsì fúnra rẹ̀ sì rèé, ẹja omi tutù ni. Bí wọ́n bá gbé e láàyè sínú omi Èkó, kò ní gbádùn ara rẹ̀.

Ẹ kúrò l'Ékòó díẹ̀, ẹ gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi òkè máa ń sún kúrò ní etíkun níbẹ̀, omi tutù ìsàlẹ̀ á gòkè wá dípò rẹ̀. Ìgbà náà ni ṣáwá ń ya wá, tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń kún. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé omi tutù kan náà wà lára ohun tó ń fa ọ̀dá kékeré oṣù kẹjọ tiwa. Láti ojú òkun ni òjò Èkìtì ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń ru ọ̀rinrin rẹ̀ gun òkè wá bá wa. Bí ojú òkun bá tutù, ọ̀rinrin tó ń gòkè á dín kù, òjò á sinmi. Àgbẹ̀ ará Ìkéré tó ń wo ojú ọ̀run nínú oṣù kẹjọ àti apẹja ará Gánà tó ń kó ṣáwá, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn wọ́n. Ọ̀kan ń ráhùn, èkejì ń kọrin.

Kótè inú fìríìsà yín ńkọ́? Mauritania àti Namibia wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó o. Ní etíkun méjèèjì yìí, afẹ́fẹ́ líle máa ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ayé tó ń yí kì í jẹ́ kí omi tẹ̀lé afẹ́fẹ́ tààrà. Ṣe ló máa ń darí rẹ̀ sójú agbami. Omi ìsàlẹ̀ á wá gòkè wá dí àlàfo. Aṣálẹ̀ gidi ló wà lórí ilẹ̀ ní Mauritania àti Namibia, iyanrìn lọ súà, ṣùgbọ́n inú omi wọn dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ajílẹ̀ sí. Tiwa yí padà: igbó lórí ilẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lókèèrè. Ọlọ́run kì í fún ẹnì kan ní gbogbo rẹ̀.

Ibi tó wá lágbára jù ni Peru, ní òdì kejì Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní anchoveta. Ní 1970, ohun tí wọ́n kó nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ń kó o bí ẹni pé kò lè tán. Nígbà tó di 1972, omi gbígbóná tí wọ́n ń pè ní El Niño ya bo ojú òkun wọn, ọmọrí dé ìkòkò, ògì kò ru mọ́. Ní 1973, ohun tí wọ́n rí kó kò tó mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kó tó bọ̀ sípò. Ẹ má sọ pé Peru jìnnà o. Ẹja bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ẹja ọ̀sìn káàkiri ayé. Àrọ̀ póńdù tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jà, tí a ń pè ní ẹja ilé, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ ẹja òkun dàgbà.

Mo ti sọ̀rọ̀ òkun wa bí ẹni pé kò wúlò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọrọ̀ tiwa wà ní etí. Odò ń ru ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ wá láti òkè, ó ń tú u sí ibi tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń pàdé: inú ọ̀sà, ẹnu odò, àti igbó tó ń hù nínú omi iyọ̀, tí gbòǹgbò igi rẹ̀ gún omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Irú igbó yìí tó wà ní Niger Delta ló tóbi jù ní Áfíríkà. Àárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá pamọ́ sí títí wọn ó fi tó ẹni tó ń jáde. Edé tí ẹ fi ń se ẹ̀gúsí, bónga gbígbẹ, alákàn, àwọn ọmọ ibẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gé igbó náà tàbí tí epo rọ̀bì bá dà sí i, kì í ṣe igi nìkan ló kú.

Ìyẹn yàrá kan. Òmíràn wà tí mi ò lè fò, torí ó wà lọ́rùn àwọn ọba wa. Iyùn pupa tí wọ́n ń so mọ́rùn lọ́jọ́ ọdún kì í ṣe òkúta: egungun ẹranko kékeré kan ni, láti inú Òkun Mediterranean. Ó ní àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú omi tó gbóná, tó mọ́, tí kò jìn. Àwọn yẹn máa ń kọ́ egungun wọn léra wọn títí á fi di ògiri ńlá lábẹ́ omi. Ògiri bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ abẹ́ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo irú ẹ̀dá òkun tí a mọ̀ ló ń rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tíntìntín ń gbé nínú ara àwọn ẹranko tó ń kọ́ ògiri náà, ó ń bọ́ wọn. Bí omi bá gbóná jù, wọ́n á lé e jáde, wọ́n á funfun bí ẹfun. Tó bá pẹ́, ebi á pa wọ́n. Owó ẹyọ náà ńkọ́? Ìkarahun ìgbín òkun ni. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọkọ̀ ti ń kó o wá, nígbà tó sì di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tó tóbi díẹ̀ tún ń ti ìhà Zanzibar wá. Àwọn baba wa l'Ékìtì tí wọn kò rí òkun rí ń fi egungun òkun ṣọ̀ṣọ́, wọ́n ń fi ìkarahun òkun náwó, wọ́n sì ní Olókun ló lọ́rọ̀. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣìnà.

Ní ti agbami, níbi tí mo pè ní aṣálẹ̀, kò ṣófo pátápátá. Ní 1988 ni onímọ̀ kan, Sallie Chisholm, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun ẹlẹ́mìí kan níbẹ̀ tó kéré débi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rí i, Prochlorococcus lorúkọ rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ láyé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà tẹ́lẹ̀. Lálaalẹ́ ni àìmọye ẹja àti edé tún ń gòkè láti inú òkùnkùn wá jẹun, kí wọ́n tó sá padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń fi ìró wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi rò pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ń gòkè lálẹ́. Ẹja ni.

Ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ibi tó jìn jù, nínú Pacific, tó nǹkan bíi kìlómítà 11; ó ju ìdajì ọ̀nà láti Ìkéré dé Adó lọ, ẹ kàn dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Èèyàn méjì, Jacques Piccard àti Don Walsh, dé ibẹ̀ ní 1960. Ní 1977, àwọn onímọ̀ rí orísun omi gbígbóná lábẹ́ òkun nítòsí erékùṣù Galápagos, ẹ̀dá sì yí i ká bí ọjọ́ ọjà, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí àwọn bakitéríà fi èròjà inú omi náà sè. Oòrùn kọ́ ló gbìn ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí mo sọ ti kùnà.

Ẹ bèèrè iyọ̀. Ẹja òkun ń mu omi iyọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí ń lé iyọ̀ náà jáde bó ṣe ń wọlé, ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń kéré. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti òkun lọ. Ekurá tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ohun tó yẹ kó tọ̀ dànù ló ń fi pamọ́ sára kí omi má bàa sá kúrò lára rẹ̀. Ẹ wá mọ ìdí tí ekurá tí kò tètè rí yìnyín fi máa ń rùn bí ilé ìtọ̀. Iyọ̀ òkun fúnra rẹ̀, láti ara òkúta ló ti pọ̀ jù wá. Òjò ń fọ àpáta, odò ń gbé e lọ. Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì ń ru tirẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, látibẹ̀ ó di òkun. Ó tún ń ru ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a jù sí gọ́tà, èyí tí òkun kò bẹ̀ wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé Èkìtì kò ní òkun, kó dáhùn pé a ti ní in rí. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni àwa àti àwọn ará Ìlàjẹ wà. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó níbẹ̀ ní 1947, omi òkun ayé sì ń wú bó ṣe ń gbóná. Nínú ooru tí èéfín àwa èèyàn ti fi kún ayé, ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ tí òkun ti gbé mì.

Lọ́la, bí ẹ bá fẹ́ já páálí, ẹ pe ọmọ náà wá kó ka ara rẹ̀ fún yín. Lára ọ̀pọ̀ páálí, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, FAO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti nọ́ńbà níwájú rẹ̀. Gbogbo òkun ayé ni wọ́n ti fi nọ́ńbà pín. 27 ni òkun ìhà Norway àti Scotland. 47 ni ti Namibia. 87 ni ti Peru. Bí ẹ bá rí 34, ó lè jẹ́ Mauritania, ó sì lè jẹ́ Gánà. Nínú 34 náà ni omi Èkó àti ti Ìlàjẹ wà.